Kílò Mẹ́rin Lójúmọ́

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Oníkùn tún ga lónìí. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Mẹ́rìnlélógójì ni ìṣirò mi ní kó jẹ́.

Kí n kọ ọ́ kedere. Bí mo bá ya wèrè lọ́la, kí ẹni tó bá rí ìwé yìí lè mọ ohun tó fà á. Oníkùn ni orúkọ tí mo sọ tánńkì dúdú tó wà lẹ́yìn ilé gàrí Ìyá Ammar, nítòsí ojú irin ní Lálúpọn níbí. Ó ń gba lítà ẹgbẹ̀rún kan. Riákítọ̀ ni àwọn olùkọ́ wa máa ń pè é. Lójú tèmi, ìkòkò ni — ìkòkò tí ń dáná fúnra rẹ̀. Lárààárọ̀ ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ kílò mẹ́rin, ó ń mu omi kànga lítà mọ́kànlélógún. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí wà nínú rẹ̀, inú ìgbẹ́ màlúù ni mo ti kó wọn. Àwọn ló ń jẹ èèpo náà tí wọ́n ń sọ ọ́ di gáàsì. Gáàsì yẹn á máa ti àgbá tí mo dojú rẹ̀ dé lé e lórí sókè, díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn fọnfọn. Tó bá di ọ̀sán, Ìyá Ammar á fi gáàsì se ọbẹ̀, àgbá á sì lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń mí, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ìṣirò sọ ohun tí Oníkùn máa ṣe kó tó ṣe é. Òfin rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ohun tó wọlé, yọ ohun tó jáde kúrò, ohun tó ṣẹ́kù sínú nìyẹn. Kò sí ohun tó ń sọnù. Kò sí ohun tó ń ti inú òfìfo wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òfin yìí, mo sì ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gbọ́ orin. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí. Mo ṣì ń gbọ́ orin náà, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni gbèdéke mi ní yunifásítì. Ọdún kẹrin rè é lórí oyè máṣítà tó yẹ kí n fi ọdún méjì gbà. Bí ìṣirò mi àti Oníkùn kò bá fẹnu kò títí dìgbà yẹn, wọ́n á yọ orúkọ mi, oṣù méje tí mo fi ń wọn àgbá kiri á sì wọmi. Kò sí àfikún ọjọ́ mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí mi ní lẹ́tà.

Mọ́kànléláàádọ́ta. Níbo ni ìyókù ti ń wá?

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Ìṣirò ooru dọ́gba! Mo jó lẹ́yìn ilé gàrí. Àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ń wò mí, ọ̀kan ní kí n rọra, pé ilẹ̀ ń yọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lé ooru kiri. Oòrùn ń wọlé láti ara tánńkì dúdú. Afẹ́fẹ́ ń jí díẹ̀ gbé lọ. Omi kànga tútù ń gba tirẹ̀. Àwọn kòkòrò náà ń mú ooru tiwọn wá, kékeré báyìí, bí ooru inú yàrá tí ọmọ ìkókó sùn sí. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ. Mo rò, mo yọ. Ìṣirò ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ki tẹmómítà bọ inú Oníkùn — mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lára. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dúró bẹ́ẹ̀, ó pẹ́. Ìrì kò tíì gbẹ lórí ewé ẹ̀gẹ́. Ojú irin lọ gbọọrọ wọ inú kùrukùru, kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀, àfi ewúrẹ́ méjì tí wọ́n ń rìn bí ẹni tó san owó ọkọ̀. Ó wá ń ṣe mí bíi pé ìkòkò ńlá kan ni gbogbo ayé, pé ẹnì kan wà níbì kan tó mọ ìṣirò rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Mọ́mì á ní mo ti bẹ̀rẹ̀ àlá ojúmọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n máa lá a lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Ooru dọ́gba. Ìwọ̀n kò dọ́gba. Àádọ́ta lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ̀sùn kan gbogbo nǹkan lónìí. Mo fẹ̀sùn kan òṣùwọ̀n: mo gbé ṣúgà oníkílò kan lé e, ó ní kílò kan. Mo fẹ̀sùn kan téèpù: aláìṣẹ̀. Mo wọn ẹ̀rọ̀fọ̀ tó ń ṣàn jáde nídìí Oníkùn, mo ṣírò ìwọ̀n gáàsì, mo pa wọ́n pọ̀. Èèpo àti omi tó ń wọlé lójúmọ́ jẹ́ kílò márùndínlọ́gbọ̀n. Èyí tó ń jáde lé ní márùndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀.

Ohun tó ń jáde ju ohun tó ń wọlé lọ. Mo kọ gbólóhùn yìí, mo sì ń wò ó bí ẹni tó rí ejò nínú bàtà.

Ó tún ku ọ̀kan. Mo to oṣù méje náà sórí ìlà kan nínú láàpútọ́ọ̀pù, láti oṣù kẹta títí di àárọ̀ yìí. Mo rí òkè kékeré kan. Mo rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn. Ọjọ́ méje-méje! Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń yọrí, wọ́n á ga jù lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó bá fi máa di Ìṣẹ́gun, wọ́n á ti rọlẹ̀. Kòkòrò kò ní kàlẹ́ńdà. Ta ló ń sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ ti ń parí?

Mo lọ bá Ìyá Ammar níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Mùjíbátù ni orúkọ wọn. Opó ni wọ́n, àwọn ló ni ilé gàrí. Ammar, àkọ́bí wọn, ń ṣiṣẹ́ wáyà ní Ìlọrin. Nígbà tí mo ń gbé tánńkì kiri, tí n kò mọ ibi tí màá gbé e sí, àwọn ló ní kí n gbé e sẹ́yìn ilé gàrí àwọn, pé èèpo kò ní wọ́n mi níbẹ̀. Àwọn náà ló gba oúnjẹ Oníkùn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, torí aago kan náà ló gbọ́dọ̀ máa jẹun, mo sì máa ń pẹ́ kí n tó jí. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á gbé èèpo lé òṣùwọ̀n, wọ́n á dà á sínú tánńkì, wọ́n á fi èédú fa ìlà kan sára ògiri. Ogún ìlà, ogún ìlà. Wọn kò pa ọjọ́ kan jẹ rí.

Mo bi wọ́n pé ṣé kílò mẹ́rin náà ni. Wọ́n ní, “Mẹ́rin ni, ọmọ mi. Ọwọ́ òṣùwọ̀n ò kọjá ibi tó o sàmì sí rí.” Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àbí o rò pé mò ń bá a jẹ níbẹ̀ ni?”

Ojú tì mí pé mo béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Mọ́mì ti dójú tì mí pátápátá. Mo ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ Oníkùn fún wọn lálẹ́ àná.

Lásìkò ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa — Kérúbù ni wá, a kì í sì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ — wọ́n dìde nínú sùtánà wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ orúnkún wọn ni. Wọ́n ní kí gbogbo ìjọ bá àwọn yin Olúwa, pé ọmọ àwọn, Olúwanífẹ́mi, ní àgbá kan lẹ́bàá ojú irin, pé ohun tí wọ́n ń fi sí i kéré, ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde pọ̀, gbogbo ìwé tí ọmọ náà kà kò sì lè túmọ̀ rẹ̀! Aleluya méje dún. Wòlíì ní kí n bọ́ síwájú. Wọ́n gbàdúrà pé kí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ìjọ dà bí àgbá náà. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣe àmín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, mo sọ fún wọn pé àṣìṣe ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Wọ́n ní àṣìṣe wo ló ń mú kí nǹkan pọ̀ sí i? Pé èyí tó bá ń dín kù ni kí n máa pè ní àṣìṣe.

 

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí Ìbàdàn lọ bá Bírò Pupa. Dókítà Ẹkúndayọ̀ gan-an lorúkọ wọn, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Èmi ni mo sọ wọ́n ní Bírò Pupa nítorí ohun tí ojú ìwé mi máa ń rí lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn ti rẹ̀ wọ́n ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá ló wà lọ́rùn wọn.

Wọ́n wo ìlà mi, wọ́n wo àwọn àmì tó fò lé e lórí. Wọ́n ní iye tí mo fi sọ bí kòkòrò ṣe ń yára jẹun ló kéré, kí n gbé e sókè títí ìlà á fi gba àárín àwọn àmì náà kọjá. Mo ní òkè ọjọ́ méje-méje náà ńkọ́? Wọ́n ní ariwo lásán ni, kò sí àmì tí kì í mì. Mo ní ohun tó ń jáde ju ohun tó wọlé lọ, sà. Wọ́n ní òṣùwọ̀n abúlé nìyẹn.

Nígbà tí mo dìde, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí. “Nífẹ́mi, ọjọ́ kẹrìnlá ò ní sún síwájú o.”

Nínú mọ́tò tó ń gbé mi bọ̀ láti Ìwó Road, mo gbé orí ti wíńdò. Oko ẹ̀gẹ́ ń kọjá, ilé ń kọjá, oko ẹ̀gẹ́. Mo ń rò ó pé tí mo bá gbé iye kan ṣoṣo sókè, gbogbo ìdààmú mi parí. Iye kan péré.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé e sókè. Ìlà náà gba àárín kọjá, ó rẹwà. Ó dà bí aṣọ àyálò tó bá mi mu wẹ́kú. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Mo dá iye náà padà sí bó ṣe wà. Mo sì yí ìṣirò dojú kọ ẹ̀yìn. Ní gbogbo ìgbà, ńṣe ni mò ń fún Oníkùn lóúnjẹ, tí mò ń béèrè gáàsì. Lónìí mo fún un ní gáàsì, mo béèrè oúnjẹ. Mo ní: ìwọ àgbá yìí, kí lo jẹ tó o fi ga tó báyìí?

Ó dá mi lóhùn. Kì í ṣe mẹ́rin. Mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin gíráàmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá, láti oṣù kẹta. Àfi ọjọ́ Ẹtì nìkan. Lọ́jọ́ Ẹtì, márùn-ún àti ààbọ̀.

Ìṣirò mi kò ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀! Kòkòrò Lálúpọn kò ya ọ̀tọ̀. Ẹnì kan ló ń bọ́ Oníkùn ní kọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹni náà sì gún bí ọwọ́ òṣùwọ̀n. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo dá wà. Ta ni? Àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́bàá ojú irin? Àbí àwọn tó ń gbé èèpo dà nù?

Ọ̀la ni Ẹtì. Màá débẹ̀ kí Ìyá Ammar tó kírun tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Màá kọ gbogbo rẹ̀. Màá kọ ọ́ kí n má baà lè tún un sọ lọ́nà tó dára sí mi lọ́jọ́ mìíràn.

Mo jókòó sórí àpò èédú lábẹ́ igi káṣú. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó kan dáadáa, èéfín díẹ̀, ìrì. Ìyá Ammar ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, híjáàbù wọn ṣì wà lórí. Wọn kò rí mi. Wọ́n kó èèpo sínú abọ́, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n tẹ ara wọn wálẹ̀ wò ó. Wọ́n yọ èèpo kan ṣoṣo kúrò kí ọwọ́ lè bọ́ sórí àmì gan-an. Wọ́n dà á sínú Oníkùn. Wọ́n fa ìlà sára ògiri. Ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí pé mo wá ṣọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bu èèpo, wọ́n ní Bísímílàì, wọ́n dà á sí i. Wọ́n tún bu òmíràn. Wọ́n wá tún bù ú lẹ́ẹ̀mejì sí i. Wọ́n fọwọ́ gbá Oníkùn lára pẹ́pẹ́, bí a ṣe ń gbá ọmọ tó yó.

Mo jáde. Mo kí wọn — ó kéré tán, mo kí wọn. Mo ní kí ni ẹ fi kún un yẹn, mà? Wọ́n ní, “Èènì ni.” Wọ́n wí i bí ẹni pé mo béèrè orúkọ omi. “A kì í wọn nǹkan féèyàn ká má fi èènì lé e. Torí òní sì jẹ́ Jímọ̀, sàráà ni ọwọ́ méjì yòókù. Mo máa ń fi ṣàdúà fún ẹ, kí ìwé rẹ lè yọrí.”

Ibí yìí ló yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù méje, òkè ọjọ́ méje-méje, Wòlíì, aleluya, àdúà ni gbogbo rẹ̀! Ẹ̀rín ló yẹ kó pa mí ṣubú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrìnlá ni mo rí níwájú mi, lẹ́tà yunifásítì ni mo rí, oúnjẹ igba ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, “Ẹ ti ba oṣù méje jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́! Ta ló ní kẹ́ ẹ fi nǹkan kún un? Mẹ́rin ni mo sọ. Ṣé ẹ ò mọ mẹ́rin ni?”

Àwọn obìnrin tó wá bẹ ẹ̀gẹ́ ti dé. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ọ̀bẹ dúró.

Ìyá Ammar bu omi, wọ́n ṣan ọwọ́ wọn, ìka kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gbé ohùn sókè. “Mo mọ mẹ́rin. Mẹ́rin ni mo wọ̀n fún ẹ. Èyí tó kù, mo fi ta ẹ́ lọ́rẹ ni.”

Wọ́n wọlé lọ. Wọ́n ju Mọ́mì lọ lọ́jọ́ orí. Èmi, tí n kò lè dá ibi tí màá gbé tánńkì sí rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Ammar kò wá. Èmi ni mo bọ́ Oníkùn. Kílò mẹ́rin. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà èédú náà tó fi ń gún, tèmi wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́mì béèrè ìdí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n bá mi wí. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n bọ́ sùtánà wọn, wọ́n ká a, wọ́n ní, “Ẹyin lọ̀rọ̀, Nífẹ́mi,” wọn kò sì parí òwe náà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

A lọ bẹ̀bẹ̀. Mọ́mì wé gèlè. Ilé Ìyá Ammar wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àgbàlá kékeré tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Mo kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mọ́mì ní kí wọ́n forí jì mí, pé ọmọ ni mí, ìwé ló dà mí lórí rú. Ìyá Ammar ní àwọn ti forí jì mí láti ọjọ́ náà gan-an, ta ni àwọn fẹ́ bá jà? Wọ́n ní kí n dìde, kí yanrìn má gún mi lórúnkún. Wọ́n fún wa lágbàdo sísè. Àwọn àti Mọ́mì jọ rojọ́ orúnkún, wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi náà.

Bí a ṣe ń lọ sílé, Mọ́mì ní ọ̀rọ̀ ti parí, a dúpẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lá àlá rẹ̀ lójú ọ̀nà: mo rí ọwọ́ wọn méjèèjì tó kún fún èèpo, omi ń kán nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Ammar ti padà sídìí Oníkùn. Mo tètè dé láti kí wọn. Wọ́n gbé èèpo lé òṣùwọ̀n, ọwọ́ bọ́ sórí àmì, wọ́n dà á sí i. Wọ́n gbọn ọwọ́ wọn méjèèjì mọ́ra wọn, pátápátá, kí ohunkóhun má ṣẹ́kù síbẹ̀. Ó parí.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa fi èènì yín sí i. N ò bínú mọ́. Màá kàn máa wọ̀n ọ́n ni, màá fi kún ìṣirò.”

Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú. “Èyí tá a bá ti wọ̀n kì í ṣe èènì mọ́, Ẹnjiníà. Mẹ́rin lo ní. Mẹ́rin nìyẹn.”

Ẹnjiníà. Wọn kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Jímọ̀ ni òní. Kílò mẹ́rin.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Kò sí òkè. Ìlà náà kàn ń rọra rọlẹ̀ lọ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá

Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Oníkùn ń rù. Àwọn kòkòrò ń jẹ ìyókù àdúà inú wọn tán. Ìṣirò mi sọ bó ṣe máa rọlẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ń rọlẹ̀. N kò rí ìṣirò tó ṣègbọràn báyìí rí.

Ọyẹ́ fẹ́ tètè dé lọ́dún yìí. Ojú ọ̀run funfun, ojú irin funfun, gbogbo nǹkan dà bí ohun tí ẹnì kan ń rò, tí kò tíì sọ jáde. Mo jókòó lẹ́yìn ilé gàrí títí di ọ̀sán. Mò ń gbọ́ ohùn Ìyá Ammar nínú ilé, wọ́n ń dá àwọn obìnrin lẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ wọlé. N kò mọ ohun tí màá sọ pé mo wá ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Mẹ́rìnlélógójì.

Ìṣirò ní mẹ́rìnlélógójì, téèpù ní mẹ́rìnlélógójì. Mo wọn ẹ̀rọ̀fọ̀, mo ṣírò gáàsì: kílò márùndínlọ́gbọ̀n wọlé, márùndínlọ́gbọ̀n jáde, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìwọ̀n ẹyin kan. Ooru dọ́gba. Ìwọ̀n dọ́gba. Iye tí mo ti mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, n kò gbé e sókè, n kò fà á wálẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń dúró de àárọ̀ yìí.

N kò jó. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé Oníkùn lára, mo sì gbé e kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Bírò Pupa fọwọ́ sí i. Wọ́n wá bírò dúdú láti fi buwọ́ lù ú, wọn kò rí i, pupa náà ni wọ́n lò.

Mo sọ ọ̀rọ̀ èènì fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní ìyá àwọn náà kì í wọn èlùbọ́ láì fi èènì sí i. Wọ́n wá ní kí n yọ oṣù méje àkọ́kọ́ kúrò, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tó kẹ́yìn ti tó, ó mọ́, kò ní ariwo nínú. Mo ní ṣé kí n ṣàlàyé ìdí tí a fi yọ wọ́n? Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé a kò wọn oúnjẹ náà bó ṣe yẹ.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kọ́ ni. Orúkọ mi kò ní yọ mọ́. Mọ́mì ti ń wá ẹni tó máa bá wọn kọ orin ọpẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá

Mọ́mì ní kí n ra gàrí wá, pé àlejò ń bọ̀ wá bá wa yọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbé abọ́, mo lọ sí ilé gàrí. Mo ronú ohun tí màá sọ fún Ìyá Ammar títí mo fi débẹ̀: pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé mi, pé àdúà wọn gbà.

Obìnrin kan láti Ẹ̀gbẹ́dá wà níwájú mi, n kò mọ̀ ọ́n, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n, torí wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n wọn gàrí fún un, ó ga sókè lórí kóńgò títí ó fi ń ya sílẹ̀. Wọ́n da ìyẹn sínú àpò rẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, wọ́n ní kó kí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó wá kàn mí. Mo ní kóńgò mẹ́ta, mà. Mo ní wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé mi. Wọ́n ní, “Alhamudulilai! Ẹnjiníà, o kú oríire,” inú wọn sì dùn, mo rí i lójú wọn, wọn kò díbọ́n. Wọ́n bu gàrí kún kóńgò. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kọjá lórí, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wọ́n dà á sínú abọ́ mi. Wọ́n ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ìkẹta bẹ́ẹ̀, wọ́n rọra ṣe é, wọ́n tẹ ara wọn wálẹ̀ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo òṣùwọ̀n, wọ́n sì gbọn ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ padà sínú àpò gàrí.

Wọ́n bi mí pé, “Ó pé, àbí?”

Mo wo inú abọ́. Mo ní ó pé, mà.

Wọ́n ní a dúpẹ́. Wọ́n yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Mo gbé gàrí mi, mo gba ojú irin lọ sílé, mo ń sunkún.